Àpótí dúdú tí mo lọ wò ní London

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ṣé ara Màmá ti le dáadáa báyìí? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé aṣọ tí wọ́n ní kí n rà.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ní mo ṣì ń rántí ọjọ́ tí mo lọ wo kọ̀ǹpútà NeXT ní Science Museum níbí. O ní, "Ṣebí ẹ̀rọ tí ò tà nìyẹn? Kí lo lọ wò lára ẹ̀?" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé wa kí n tó dá ọ lóhùn. Ìdí tí mo fi jókòó ti ìwé lálẹ́ yìí nìyẹn.

Òótọ́ lo sọ, kò tà. Gbogbo ẹ̀rọ tí NeXT rí tà pátápátá ò ju nǹkan bí 50,000 lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1985 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Apple sílẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ń darí rẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Macintosh kúrò lọ́wọ́ Jobs, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó kó èèyàn márùn-ún dání níbẹ̀, wọ́n bá dá ilé iṣẹ́ NeXT sílẹ̀. Àwọn yunifásítì ni wọ́n fẹ́ máa ta kọ̀ǹpútà wọn fún, 3,000 dọ́là ló sì wà lọ́kàn wọn. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1988 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní San Francisco, 6,500 dọ́là ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ yóò tún wá 2,000 kún un. Olùkọ́ yunifásítì wo ló fẹ́ rí owó gọbọi bẹ́ẹ̀?

Àmọ́, Àkànbí, ká ní o rí i! Àpótí dúdú minimini ni. Ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀, gíga rẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Magnesium ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Àmì tó wà lára rẹ̀, Paul Rand, ayàwòrán àmì ilé iṣẹ́, ló yà á, 100,000 dọ́là ló gbà lórí àwòrán kan ṣoṣo yẹn.

Àwo ló kọ́kọ́ gbé e ṣubú. Wọn ò fi hard disk tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí sínú rẹ̀, wọn ò fi ojú tí wọ́n ń ki àwo kékeré floppy bọ̀ sí i. Àwo kan tí Canon ṣe, tí iná laser ń kà, ni wọ́n gbára lé. Ó ń gba 256 MB, èyí tó pọ̀ gan-an láyé ìgbà yẹn, àmọ́ ó ń fà bí ìgbín. Orí àwo yìí kan náà sì ni gbogbo ohun tó ń gbé ẹ̀rọ náà ró wà. Tí mo bá fẹ́ yọ ọ́ kí n fi fáìlì rán sí ọ, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́? Ó dùn mí pé wọ́n jẹ́ kí irú èyí kọjá lójú wọn. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1990, ṣùgbọ́n ọjà ti lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 1993, wọn ò ṣe ẹ̀rọ mọ́, ó ku sọ́fítíwíà nìkan.

Sọ́fítíwíà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó yé ọ. NeXTSTEP ni wọ́n ń pè é, òun ló ń darí ẹ̀rọ náà. Unix, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà lórí rẹ̀ ò ní máa gbẹ́ bọ́tìnnì àti fèrèsé tó ń hàn lójú ẹ̀rọ láti ilẹ̀. Wọ́n ti ṣe wọ́n sílẹ̀ dè é. Á fi mouse fa bọ́tìnnì síbi tó wù ú, á sì fa ìlà láti ara rẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe. Bí ìgbà tí aránṣọ bá aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni, ó ku kó rán an pọ̀.

Wo ohun tí ẹnì kan fi í ṣe. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì lẹ́bàá Geneva, ti kọ àbá kan lóṣù Kẹta ọdún 1989, èyí tó padà di wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo wa ń lò. Ọ̀gá rẹ̀, Mike Sendall, kọ ọ́ sórí ìwé náà pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kedere, ṣùgbọ́n ó wú òun lórí. Sendall yìí náà ló fọwọ́ sí i kí wọ́n ra NeXT kan fún un lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1990. Kérésìmesì ọdún yẹn ò kọjá tí browser àkọ́kọ́, ohun tí a fi ń wo ìkànnì, àti sáfà àkọ́kọ́, ohun tó ń fi ìkànnì ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ wò ó, fi ń ṣiṣẹ́. Inú àpótí dúdú yẹn ni info.cern.ch, ìkànnì àkọ́kọ́ láyé, ń gbé.

Àpótí yẹn gan-an ni mo rí nínú gíláàsì ní London. Wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn lára, apá kan rẹ̀ ti ṣí kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè kà á. Gègé pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́: sáfà ni ẹ̀rọ yìí, ẹ má pa á! Ìwọ náà rò ó wò, ìwọ tí o mọ bí iná ṣe ń lọ láìdágbére. Nígbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣèèṣì fi ìka kan bọ́tìnnì, gbogbo wẹ́ẹ̀bù ló pa yẹn. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò purọ́ fún ọ.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1996, Apple kéde pé àwọn máa ra NeXT, owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là, Jobs sì padà sílé. NeXTSTEP ni wọ́n sọ di Mac OS X, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple, ara rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti mú èyí tó wà nínú iPhone.

O sọ fún mi pé àbíkẹ́yìn rẹ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún iPhone. Pè é wá, kó ṣí ohun tó ń kọ hàn ọ́. O lè rí àwọn orúkọ bíi NSObject àti NSString níbẹ̀. Bi í bóyá ó mọ ibi tí N àti S yẹn ti wá. Tí kò bá mọ̀, ìwọ ni kí o sọ fún un pé NeXTSTEP ni.

Mo ń retí èsì rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní