Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi nípa ọrùn tí ó ń dùn ún

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Àlàáfíà tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán, nítorí ohun tí o sọ nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní bí o bá jí láàárọ̀, ọrùn rẹ kì í ṣeé yí, pé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ ń dùn ọ́ bí o bá fẹ́ ṣí ìdérí ìgò, àti pé oògùn ara ríro ni o fi ń bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni o wá mẹ́nu bà á, bí ẹni pé kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá, pé o kì í sùn títí aago kan òru nítorí fídíò tí o ń wò lórí ìkànnì ayélujára. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ṣe èmi náà rí, n kò sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, nítorí orí títẹ̀ kan náà ni ìwọ ìbá fi kà á.

Ní èṣí, alaalẹ́ ni mo ń fi orí lé ìrọ̀rí gíga, tí mo ń gbé fóònù lé àyà, tí mo sì ń fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ti àwòrán sókè títí wákàtí méjì yóò fi kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọrùn líle ni mo kọ́kọ́ rí láàárọ̀, èyí tí omi gbígbóná lè mú lọ; ó di orí fífọ́ tí ó ń ti ìpàkọ́ bọ̀ wá sí iwájú orí; nígbà tí ó yá, bí mo bá fẹ́ sọdá títì, àfi kí n yí gbogbo ara kí n tó lè wo apá ọ̀tún.

Mo rò pé onífísíotẹ́rápì (ẹni tí ó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti eegun) tí mo lọ bá yóò kàn fi òróró wọ́ mi lọ́rùn, kí n sì máa lọ sílé. Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí n mú fóònù mi jáde, kí n jókòó bí mo ṣe ń jókòó nílé, kí n sì máa ka ohun tí ó bá wù mí. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi láì sọ̀rọ̀. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, àgbọ̀n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, èjìká mi ti ká síwájú, èmi kò sì mọ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 5, àti pé eegun 7 ni ó wà lọ́rùn tí ó ń gbé e. Bí orí bá dúró ṣánṣán, eegun àti iṣan jọ pín ẹrù náà. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ni ó ń ṣiṣẹ́ jù láti dì í mú kí ó má baà já wálẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan, Kenneth Hansraj, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 2014 pé bí orí bá tẹ̀ síwájú tó ìwọ̀n dígíríì 60, ẹrù tí ó ń bọ́ sórí ọrùn á tó kílógíráàmù 27. Ìṣirò ni, wọn kò gbé òṣùwọ̀n sí ọrùn ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ sì tẹnu mọ́ ọn pé orí títẹ̀ kì í ṣe májèlé, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń tẹ orí kàwé, tí wọ́n sì ń tẹ orí ránṣọ. Pípẹ́ lójú kan láì yí ara padà ni ó ń pa iṣan lára. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìkànnì ayélujára ti burú ju ìwé lọ: orí ìwé a máa parí, onítọ̀hún á sì gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n fídíò kan kò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, ara kò sì rí àyè sọ pé ó ti rẹ òun.

Ní ti àtàǹpàkò, ó ní kí n fi í sínú ìkúùkù, kí n sì tẹ ọrùn ọwọ́ sí ìhà ọmọńdinrín. Igbe ni mo fi dá a lóhùn. Okùn iṣan méjì tí ó ń gbé àtàǹpàkò ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, bí a bá sì lò wọ́n ní àlòjù, ojú ọ̀nà náà á nípọn, á sì máa há wọn mọ́. Fritz de Quervain, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Switzerland, ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí láti ọdún 1895, ó sì máa ń ṣe àwọn ìyá tí ó ń gbé ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ní idán kankan nínú. Ó fi ohun líle di àtàǹpàkò náà kí ó lè sinmi, ó sì ní kí n máa fi ohùn ránṣẹ́ dípò títẹ ọ̀rọ̀. Fún ọrùn, ó kọ́ mi láti fa àgbọ̀n sẹ́yìn gbọọrọ, bí ẹni tí ó fẹ́ fi ìpàkọ́ kan ògiri, kí n dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí n sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo ń fa eegun èjìká méjèèjì súnmọ́ra, mo ń na àyà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni ó fún mi ní rọ́bà tí mo ń fà láti fi mú iṣan le. Ó wọ́ mi lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìtura yẹn kì í pẹ́ lára ẹni tí kò bá ṣe eré ìdárayá tirẹ̀. Bí mo bá ń lo fóònù, mo ń gbé e sókè sí ọ̀gangan ojú, mo ń fi ìgúnpá ti ìrọ̀rí, mo sì ń dìde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó gbà kí n tó lè yí ọrùn bó ṣe yẹ, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì sú mi gidigidi.

Èyí tí ó le jù fún mi ni oorun. Àìsùn a máa jẹ́ kí ìrora ara dùn wá ju bó ti yẹ lọ. Ìmọ́lẹ̀ fóònù àti ìjà tí a ń kà níbẹ̀ sì ń lé oorun lọ. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ ìbínú, èjìká mi á gòkè lọ bá etí láì jẹ́ pé mo rán an. Yàrá mìíràn ni fóònù mi ń sùn báyìí.

Mo bẹ̀ ọ́, wá onífísíotẹ́rápì tí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó yẹ̀ ọ́ wò, má sì fi ohun tí wọ́n kọ́ mi ṣe ìtọ́jú tìrẹ. Bí ìka rẹ bá ń kú, tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí ẹsẹ̀ kò gbé ọ dáadáa mọ́, tàbí tí o kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Màá pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí ó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí, kí o fi fóònù sí àpò, kí o bọ́ síta. Èmi náà á ti wà lójú ọ̀nà níhìn-ín, a ó sì jọ máa rìn títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.