Àjọkẹ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ dádì ẹ

Àjọkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun? Kọ́kọ́ jẹun ná. Àbúrò ẹ ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí torí ojú mi ò ríran dáadáa lórí fóònù mọ́, ibi tó o bá ti rí àṣìkọ, òun ni o.

Ó sọ fún mi pé o ṣì ń kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí dádì ẹ lórí WhatsApp, pé tíìkì kan ṣoṣo ló ń hàn. Mi ò ní bá ẹ wí. Àwọn kan á ní èèyàn kì í bá òkú sọ̀rọ̀, ṣebí níbi ìsìnkú gbogbo wa la dúró tì í tá a ń sọ fún un pé má jọ̀kùn má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ. Tó bá ń ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ ọ́. Àmọ́ tètè kó àwọn voice note ẹ̀ kúrò lórí fóònù yẹn, fi wọ́n sí ímeèlì, fi ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ náà, fóònù ò ṣeé fọkàn tán. Ní ti nọ́ńbà ẹ̀, ọwọ́ mi ni sim yẹn wà, inú fóònù tọ́ọ̀ṣì mi ni mo kì í bọ̀, mò ń ra káàdì sí i, mo sì máa ń fi pe ara mi, torí wọ́n ní tí oṣù 6 bá kọjá tẹ́nikẹ́ni ò lò ó wọ́n á tì í pa, tó bá tún pẹ́ sí i wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn ò lè dá ẹ lóhùn, àwọn tó lè dá ẹ lóhùn sì wà láyé, wọ́n ti ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó o ní ò ń ṣàárò, bó ṣe máa ń pè ẹ́ ní Sunday táá ti orí 3SC ti ìsìnyí bọ́ sí 1976, ọdún tí IICC, bí wọ́n ṣe ń pe 3SC nígbà yẹn, na Tonnerre Yaoundé tí wọ́n gba Cup Winners' Cup Áfíríkà, Bàbá Télọ̀ ní Òkè-Àdó ni wọ́n jọ máa ń lọ sí pápá ìṣeré Liberty nígbà yẹn. Dádì ẹ ní àwọn sanwó wọlé. Bàbá Télọ̀ ní irọ́ ni, fẹ́ǹsì làwọn fò. Lọ gbọ́ tẹnu wọn.

Tó o bá pe Màámi Ọ̀ffà, má sọ pé ẹ sọ ìtàn bàbá mi fún mi, ẹkún ni wọ́n máa sun. Ohun kékeré ni kó o bi wọ́n, pé kí ni wọ́n máa ń torí ẹ̀ na dádì mi ní kékeré, wàá rí i pé káàdì ẹ á tán kí wọ́n tó dákẹ́. Kí wọ́n wá ki oríkì ẹ̀ fún ẹ. Ọmọ Ọlọ́fàmojò, ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ibi tí tèmi mọ nìyẹn, àwọn ló mọ ìyókù. Sọ fún wọn kó o tó gba ohùn wọn sílẹ̀ o.

Ìpè tó o ní o gé mọ́ dádì ẹ lẹ́nu torí o wà níbi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ mi ló ti pè ẹ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an o, ó ní kí n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín òun wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ń bi mí bóyá ó kù. Ṣé ẹni tó ń bínú nìyẹn?

Èmi náà, o ti yé dárúkọ ẹ̀ fún mi, o ò fẹ́ kí n sunkún. Màá sunkún, kí ló wá dé? Èmi tí mo ń bá a jiyàn láti àárọ̀ dalẹ́, ta lo rò pé mò ń bá jà nísìnyí? Àbúrò ẹ kì í dáhùn, fóònù ló máa ń tẹ̀. (Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́.) Máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi, ká jọ máa bú u.

Bàbá Télọ̀ kì í gbọ́ fóònù lọ́sàn-án torí ariwo ẹ̀rọ, alẹ́ ni kó o pè wọ́n. Tó bá jẹ́ ìyàwó wọn ló gbé e, sọ pé ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá láti Ọ̀ffà ni, wọ́n á mọ̀. Bá mi kí ọkọ ẹ.

Màámi ẹ