Gọ́ọ̀fù nínú ìbéèrè aláìsàn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń wọn bí ayé ṣe rọ aláìsàn lọ́rùn tó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nínú SF-36, ọ̀kan nínú irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan ń fẹ́ mọ̀ bóyá àìlera ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti sún tábìlì, láti ti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀, tàbí láti gbá gọ́ọ̀fù. Ìyá àgbà tó ń fi ọwọ̀ gbálẹ̀ láti kékeré, tí kò sì fojú kan pápá gọ́ọ̀fù rí, lè dáhùn pé òun kò lè ṣe é, kí ẹni tó ń ka èsì sì rò pé àìsàn ló fà á. (Iyán gígún ni wọn ì bá bi wá léèrè!) Ọ̀nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà ṣe WHOQOL, ìwé ìbéèrè tiwọn, tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí ibùdó 15 ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jọ gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá kọ́kọ́ jókòó ti àwọn aláìsàn fúnra wọn, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn