Ẹ Yọ Ìwé Àwọn Ọmọ Kúrò Lẹ́wọ̀n

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ mú ọmọ ọmọ mi nílé-ìwé. Òjò ká wa mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá jókòó nínú ọ́fíìsì títí yóò fi dá. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ bá ni páálí mẹ́fà tí wọ́n tò lé ara wọn ní igun yàrá. Eruku ti bò wọ́n. Ẹnì kan gbé ife omi lé èyí tó wà lókè. Téèpù tí a fi lẹ ẹnu wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí, kò sẹ́ni tó já a.

Mo mọ àwọn páálí yẹn bí ẹní mọ owó, nítorí mo wà lára àwọn tó dì wọ́n. Ìwé tí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ àdúgbò wa dáwó jọ rà fún àwọn ọmọ ló wà nínú wọn: ìwé ìtàn, ìwé alálàyé àwòrán, ìwé atúmọ̀-èdè kéékèèké. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n bá fẹ́ mọ irú ìwé tó yẹ ọmọ ọlọ́dún méje. Mo bi ọmọ ọmọ mi pé ṣé ó ti ka ọ̀kan rí nínú wọn. Ó ní, “Màmá àgbà, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án o. Wọ́n ní a máa bà á jẹ́.”

Ọdún méjì gbáko! Ọmọ tó jẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà lọ́jọ́ tí a gbé páálí wọ̀nyẹn débẹ̀ ti pé mẹ́jọ báyìí. Gbogbo ìgbà tó yẹ kó fi máa ka ìwé ni ìwé fi jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a fa ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ á rántí bó ṣe rí. Àwọn ọmọ ti dúró sínú oòrùn pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó dé. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi sú gbogbo wa, lórí bí ìwé kíkà ṣe ṣe pàtàkì tó. Wọ́n fa ọmọ mẹ́ta jáde, àwọn tí aṣọ wọn mọ́ jù, wọ́n fi ìwé lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò tán báyìí, wọ́n gba ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì dá a padà sínú páálí. Ojú mi ló ṣe. Mo rò nígbà náà pé wọ́n kàn fẹ́ kọ nọ́ńbà sí i lára ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹgbẹ́ ni mò ń bá jà. Mo mọ rírì irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn, wọ́n ń gbin igi, wọ́n ń kó ìdọ̀tí ojú gọ́tà, wọ́n ń ra kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí kò lè rìn. Láti ìpìlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1905 ni Paul Harris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ Rotary sílẹ̀ ní Chicago. Lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé fún ìlú ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè lò, nítorí ohun tí ìlú kò ní nìyẹn. Ẹgbẹ́ Lions tẹ̀ lé e lọ́dún 1917. Nígbà tó di 1925, Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, dúró níwájú ìpàdé wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jà fún àwọn afọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ojú ti di iṣẹ́ wọn.

Ẹ wá wo ti àrùn rọpárọsẹ̀ àwọn ọmọdé, èyí tí à ń pè ní pólíò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Lọ́dún 1985 ni ẹgbẹ́ Rotary gbé ogun náà dìde. Ní 1988, tí àwọn ìjọba àti àjọ àgbáyé dara pọ̀ mọ́ wọn, nǹkan bí 350,000 ọmọ ni àrùn náà ń kọlù lọ́dún kan ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 125. Lónìí, ó ti fi ohun tó ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù. Ṣé gbígbé tí wọ́n gbé oògùn àjẹsára sínú fìríìjì, tí wọ́n tì í pa, ló ṣe é? Rárá o. Ènìyàn ló ń rìn láti ilé dé ilé, tó ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu, kí oògùn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ á ti wọ ọ̀fun ọmọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi yíǹkì sàmì sí ìka ọmọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ti èyí ti parí. Kò sí ẹni tó ka iye ìgò oògùn tó wà nínú ilé ìkó-nǹkan-sí kó sì pe ìyẹn ní iṣẹ́. Ìka ọmọ ni wọ́n ń kà.

Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé tó bá kan ìwé, páálí ni à ń kà?

Mo mọ ìdí rẹ̀, torí mo wà nínú iṣẹ́ náà pẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí ìwé kó tó gbà á. Bí ẹyọ kan bá sọnù, tàbí tó ya, àwọn tó wà lókè á kọ lẹ́tà sí i pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì, ó ka ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé méjì dín. Ó bínú débi pé ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Kò bi mí bóyá ọmọ kankan ti mọ̀wé kà láti ara àwọn tó kù. Ṣé ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí irú èyí á tún já téèpù? Àwọn aláṣẹ yìí ló sọ olùkọ́ di ẹ̀ṣọ́. Wọn kò wá síbẹ̀ láti wo ọmọ tó ń kàwé, àfi ìgbà tí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀. Oṣù náà ni Rotary yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ àti ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, kéde lọ́dún 1966 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí gbogbo ayé ń rántí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbàlagbà tí kò lè ka gbólóhùn kan ṣì lé ní 700 mílíọ̀nù láyé, obìnrin sì ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Ẹ ó rí i pé wọn yóò tún gbé páálí wá, wọn yóò tún ya fọ́tò, téèpù kò sì ní já.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà ṣe kò le. Kí wọ́n má fi páálí kankan sílẹ̀ láìfi ènìyàn tì í. Kí wọ́n tó gbé ìwé lọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti forúkọ sílẹ̀ pé wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn á wà níbẹ̀, títí táàmù á fi parí. Kí wọ́n kó ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá jọ, kí wọ́n má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà á kọ́kọ́ kà á sókè, ọmọ á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ọmọ á kà á fúnra rẹ̀. Tó bá kọsẹ̀, kí wọ́n má sáré bá a pè é. Kí wọ́n jẹ́ kó fi ohùn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kò burú. Bí kíkà ṣe ń mọ́ ọmọ lára nìyẹn. Nígbà tó bá tó àkókò ilé, kí ọmọ mú ìwé kan lọ. Kí kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí wà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì tí wọ́n yàn, kó má wà ní ọ́fíìsì rárá. Kí ìwé pélébé kan wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á máa kọ orúkọ ìwé tó ti kà sí: yíǹkì ojú ìka tiwa nìyẹn. Ìwé kan nínú mẹ́wàá á sọnù. Kí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ owó tí wọ́n ń ná láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ lẹ́tà sí olùkọ́ nítorí rẹ̀. Ìwé tí èèpo rẹ̀ ti já nítorí pé ọmọ ogún ti gbé e sùn, iṣẹ́ ló ṣe.

Ní ti àwọn aláṣẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa bèèrè bí wọ́n bá dé ilé-ìwé. Kí wọ́n nawọ́ sí ọmọ kan, kí wọ́n ní: “Ìwé wo lo kà kẹ́yìn?” Bí ọmọ bá dákẹ́, ẹjọ́ tiwọn nìyẹn.

Kí ìwé tí ó wà ní èdè tí ọmọ ń sọ nílé pọ̀ nínú páálí. UNESCO ti sọ ọ́ láti 1953 pé èdè abínibí ló yẹ kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ojú àwọn ọmọ wò pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ tí à ń pè ní olódo kò ríran dáadáa ni. Kí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún àwọn àgbà má sì kú: ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ̀ka nígbà tó kọ́kọ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn rẹ̀ báyìí.

Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé náà pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ní aago méjì, tí kíláàsì bá parí. Mo máa mú bíléèdì dání láti fi já téèpù. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ní àwọn á bá mi débẹ̀. Bí aláṣẹ kankan bá fẹ́ wá, àyè wà lórí ẹní, ṣùgbọ́n kó fi kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì