Wọn Kò Kùnà: Ọ̀rọ̀ Lórí Lokomotive Leipzig àti Líìgì Ìlà-Oòrùn Jámánì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìbàdàn ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mo sì ń kà á títí di òní tí mo ti di ará Leipzig. Ohun kan wà nínú ojú ewé eré ìdárayá yín tí n kò lè gbé mì. Ẹ kọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lokomotive Leipzig kùnà láti gòkè lọ sí ìpele kẹta ní ọdún 2025, ẹ sì pe líìgì wọn ní líìgì kékeré. Wọn kò kùnà. Àwọn ni wọ́n gba líìgì náà.

Láti ọdún 2012 ni Regionalliga, ìpele kẹrin bọ́ọ̀lù ní Jámánì, ti pín sí ẹkùn márùn-ún. Nordost ni wọ́n ń pe ti ìhà wa, ìyẹn Berlin àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà lábẹ́ ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì àtijọ́. Ẹkùn márùn-ún ló wà, ṣùgbọ́n àyè mẹ́rin péré ló ṣí sílẹ̀ lókè. Ẹni tó bá gba ti West àti ti Südwest ń gòkè lọ́dọọdún. Àyè kẹta ń yípo láàárín àwọn ẹkùn mẹ́ta tó kù, Nordost, Nord àti Bayern; àwọn méjì tí kò bá kàn á wá kojú ara wọn lẹ́ẹ̀mejì nítorí àyè kẹrin. Lọ́dún 2025, ẹkùn Bayern ló kàn. Lokomotive ní láti bá Havelse, tó gba líìgì ìhà àríwá, wọ̀yá ìjà. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ kejì Hoffenheim, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tọ́ dàgbà fún ẹgbẹ́ ńlá wọn, gòkè láti Südwest láìgbá ìdíje àfikún kankan.

Mo wà ní pápá Bruno-Plache ní Probstheida lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjókòó onípákó àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí èrò bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, gbogbo pákó náà á máa dún gbì-gbì-gbì lábẹ́ èèyàn. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ó wé ìborùn aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò mọ́ ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ti lọ. Ó ń ròyìn ọdún 1987 fún mi, nígbà tí Lokomotive lé Bordeaux jáde ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn olúborí ife Yúróòpù. Pẹnáritì ni wọ́n fi parí rẹ̀, René Müller tó jẹ́ gólì ló sì wá gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé fúnra rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì hàn mí bí gólì náà ṣe gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tiwa parí sí ọ̀kan sí ọ̀kan. Bàbá ká ìborùn rẹ̀, ó tì í bọ inú báàgì, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ní ìgbà kejì, Havelse gbá mẹ́ta wọlé sódo lẹ́yìn àfikún àkókò.

Ọgbẹ́ àtijọ́ ni wọ́n tún ha. Ní 2020, Lokomotive gba Nordost, wọ́n bá Verl pàdé, wọ́n ta ọ̀mì méjì-méjì, wọ́n tún ta ọ̀mì kan-kan. Ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Òfin góòlù ilé onílé, tó ka góòlù tí èèyàn gbá nílé onílé sí ju ti ilé ara rẹ̀ lọ, ló gbé Verl gòkè. BFC Dynamo ní 2022 àti Energie Cottbus ní 2023 náà gba líìgì, wọ́n sì jókòó síbi tí wọ́n wà. Àbí irú ìdíje wo nìyẹn, Ọ̀gá Olóòtú?

Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ òfin líìgì lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1949 títí di 1991, Ìlà-Oòrùn Jámánì ní Oberliga tirẹ̀. N kò ní sọ pé líìgì ọ̀hún mọ́ tónítóní: BFC Dynamo gbà á lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra láti 1979 sí 1988, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé Erich Mielke, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá inú, ló wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ní May 1974, Magdeburg na AC Milan ní méjì sódo ní Rotterdam, wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ àwọn olúborí ife Yúróòpù wálé.

Nígbà tí odi Berlin wó, àwọn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn dé pẹ̀lú owó. Agbábọ́ọ̀lù Andreas Thom ló kọ́kọ́ lọ, sí Leverkusen; Matthias Sammer àti Ulf Kirsten tẹ̀lé e. Nínú ẹgbẹ́ 14 tó gbá Oberliga ìkẹyìn, méjì péré, Hansa Rostock àti Dynamo Dresden, ni wọ́n gbà sí Bundesliga ní 1991. Mẹ́fà wọ ìpele kejì. Àwọn tó kù balẹ̀ sí ìpele kẹta, Oberliga tí NOFV, àjọ bọ́ọ̀lù tuntun fún ẹkùn Nordost, ń darí. Magdeburg wà lára wọn, ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n na Milan. Láti ìgbà yẹn, ní 1994, 2000, 2008 àti 2012, wọ́n ń tún líìgì tò lórí wọn. Kódà ní 1997, ọdún tí Cottbus dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Jámánì láti ìpele kẹta, wọ́n ṣì ní láti lu Hannover kí wọ́n tó lè gòkè.

Lokomotive fúnra wọn ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbèsè pa ẹgbẹ́ àtijọ́, àwọn olólùfẹ́ wọn sì tún un dá sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kọkànlá ní 2004. Èrò tó lé ní 12,000 ló wá wo ọ̀kan nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpele kọkànlá yẹn. Líìgì kékeré lẹ ní?

Mi ò sì ní bo àṣírí líìgì yìí nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ wa kan, Adebowale Ogungbure tí wọ́n bí ní Èkó, gbá bọ́ọ̀lù fún Sachsen Leipzig ní Oberliga ìhà gúúsù. Ní March 2006, ní Halle, àwọn òǹwòran kan tutọ́ sí i lára, wọ́n ké bí ọ̀bọ sí i. Ó fi ìka méjì sí ètè òkè bí irunmú Hitler, ó na ọwọ́ sókè bí àwọn Násì láti fi hàn wọ́n irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Òun ni agbẹjọ́rò ìjọba kọ́kọ́ ṣèwádìí, kí wọ́n tó jáwọ́. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dìde pẹ̀lú gbólóhùn kan, Wir sind Ade: Àwa ni Adé. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá ń wọ pápá, torí orúkọ wa wà nínú ìtàn líìgì yìí.

Ní 2025, àwọn ẹgbẹ́ Nordost kó ara wọn jọ, wọ́n ń béèrè pé kí gbogbo ẹni tó bá gba líìgì gòkè. Mo wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀: nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ ròyìn ẹgbẹ́ tí kò gòkè, ẹ kọ́kọ́ tẹ ipò tí wọ́n wà lórí tábìlì síbẹ̀, kí àwọn tó ń kà á ní Ìbàdàn lè rí i pé ipò kìíní ni.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín, Leipzig