Ta ló jókòó sórí òkè?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ àdúgbò wa kan fọ́ igo mọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí torí àríyànjiyàn ẹ̀sìn tó bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Wọ́n rán orí ọmọ ọlọ́mọ bí aṣọ, òun náà wà ní tẹ́ṣàn, ẹni tó ń fi fóònù tì í pé "má gbà fún un" sì wà nílé tó ń jẹ ẹ̀bà. Ẹni yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ka ìtàn àwọn ará Páṣíà, ìyẹn Iran òde òní (ìyàwó mi ní ṣé kò sí ìtàn nílé ni). Vishtaspa ni ọba tó gba wòlíì Zarathustra sílé, orúkọ ẹ̀ wà nínú Gatha, àwọn orin mímọ́ wòlíì náà fúnra wọn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin ẹ̀ wọnú ikùn lọ, wòlíì wá ń fi àdúrà fà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan, ìlérí kan. Ìyẹn dùn. Àmọ́ Arjasp, ọba kan tó jẹ́ ọ̀tá ẹ̀, ránṣẹ́ pé kó fi ẹ̀sìn tuntun yẹn sílẹ̀ àbí kó gbógun, wọ́n sì gba ogun. Jamasp olùdámọ̀ràn ẹ̀ ti sọ fún un o, pé 23 nínú àwọn ọmọ àti àbúrò ẹ̀ ló máa kú. Ó gbọ́! Ó wá jókòó sórí òkè, ó ń wòran. Nígbà tí wọ́n pa Zarir àbúrò ẹ̀, ó ń pè láti òkè níbẹ̀ pé ta ló máa lọ gbẹ̀san, òun á fi ọmọ òun obìnrin fún un. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn, àfi Bastwar ọmọ Zarir, ọmọ ọdún 7! Òun ló wọ àárín òkú lọ, tó ń bá òkú bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ pé atẹ́gùn ti da irùngbọ̀n ẹ̀ rú.

Ọmọ ọdún méje, ẹ jọ̀ọ́.

Nílé wa, mọ́ṣáláṣí ni bàbá mi ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni àbúrò ẹ̀. Ọjọ́ iléyá, àbúrò bàbá mi yìí ló máa di ẹsẹ̀ àgbò mú, á máa ráhùn pé ẹ̀jẹ̀ ti ba bàtà òun jẹ́, ìtàn ẹran tó jẹ lọ́dún tó kọjá ò sì ní tán lẹ́nu ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán wa níjà. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ jà f'Ọlọ́run, ẹ ní kó bọ́ síwájú! Ẹ bi í níbi tí ọmọ tiẹ̀ wà. Ẹ pa data jàre, ẹ lọ sùn.

Torí Vishtaspa ò kọ́gbọ́n. Nínú Shahnameh, ìwé ewì lórí àwọn ọba Páṣíà, tí wọ́n ti ń pè é ní Goshtasp, Esfandiyar ọmọ ẹ̀ bèèrè adé tí bàbá ṣèlérí fún un, bàbá ní kó kọ́kọ́ lọ de akọni Rostam wá. Jamasp ti sọ pé ọwọ́ Rostam ni ọmọ náà máa kú sí. Ó rán an náà ni. Ojú ni ọfà ti wọlé.

Ìyá ọmọ tó wà ní tẹ́ṣàn wá láàárọ̀, ó ń wá owó béèlì. Mo ní kó mú fóònù ọmọ ẹ̀ wá ká pe ẹni yẹn. Ó dún, ó dún, kò gbé e.