Kòtẹ́milọ́rùn láìní lọ́yà ní Texas: àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí síwájú àwọn ará wa tó wà ní Houston àti Dallas. Òfin Texas gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ẹjọ́ ara rẹ̀ lọ sí kòtẹ́milọ́rùn láìní lọ́yà. Ṣùgbọ́n òfin tó de lọ́yà ló de òun náà, àìsí àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù àkọ́kọ́ sì wà lára ohun tó ń ba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù lọ.

Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò ní pe ẹlẹ́rìí, wọn kò sì ní gba ẹ̀rí tuntun. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí òṣìṣẹ́ kan ń tẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìgbẹ́jọ́, ni wọ́n máa kà. Ti ọ̀rọ̀ ẹnu yìí kì í dédé débẹ̀. Ẹ ní láti kọ̀wé sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kí ẹ sì sanwó. Bí ẹ bá ń jà lórí ẹ̀rí, tí ọ̀rọ̀ ẹnu náà ò sì sí nílẹ̀, wọn yóò gbà pé ohun tí wọn ò rí yẹn gbe ìdájọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn tó jàre náà ń pàdánù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, kó yáa fi fọ́ọ̀mù Statement of Inability to Afford Payment of Court Costs (ìwé tó sọ pé ẹ kò lágbára láti san owó kóòtù) sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí TexasLawHelp.org.

Kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni kí ẹ ti wò ó bóyá òṣìṣẹ́ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ wà ní ìjókòó. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ kò fara mọ́ ọn.

Nípa ọjọ́: láti ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí ìwé ìdájọ́ ni 30 ọjọ́ ti ń kà, ìwé ì báà má tíì dé ọwọ́ yín. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni kí ẹ fi ìwé tó sọ pé ẹ ń lọ sí kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ ní kóòtù tó dájọ́ náà. Bí ẹ bá bèèrè láàárín 30 ọjọ́ yẹn pé kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, ó di 90. Ẹni tó bá pẹ́ ṣì ní 15 ọjọ́ péré sí i láti tọrọ àfikún àkókò, kó sì sọ ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ẹjọ́ lílé ayálégbé yàtọ̀ pátápátá: ọjọ́ 5 ni, kóòtù káńtì ló sì ń lọ.

Lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ bá pé, 30 ọjọ́ lẹ ní láti kọ àlàyé yín, kò sì gbọdọ̀ ju 15,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ má fi ìròyìn ìyà tó jẹ yín kún inú rẹ̀. Àṣìṣe adájọ́ ni kí ẹ tọ́ka sí, ojú ewé tó wà nínú àkọsílẹ̀, àti òfin tó tẹ̀ lójú. Èyí tí ẹ ò ta kò ní kóòtù àkọ́kọ́, ó ṣòro kí wọ́n gbọ́ ọ níbí.

Ẹ sì rántí pé kòtẹ́milọ́rùn nìkan kò dá gbígba gbèsè dúró. Bí ẹ ò bá fi owó ìdúró sílẹ̀ ní kóòtù, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa bí ẹjọ́ ṣe ń lọ.

Òǹkàwé yín,
Houston, Texas